Dídín Ewu Tábà Kù: Ìdí Tí Òfin Àgbáyé Kò Fi Ṣọ̀kan

Ó lé ní bílíọ̀nù kan ènìyàn tí ń lo tábà lórí ilẹ̀ ayé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n tó bílíọ̀nù 1.2 ní ọdún 2024, tábà sì ń gba ẹ̀mí àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún. Lórí èyí kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ohun tí àwọn oníṣègùn, àwọn aṣòfin àti àwọn ilé-iṣẹ́ tábà kò tíì fẹnu kò lé lórí ni ohun tí a ó ṣe fún ẹni tí ó ti gbìyànjú títí tí kò sì lè fi sìgá sílẹ̀. Ṣé "jáwọ́" nìkan ni kí a máa sọ fún un ni, àbí kí a fún un ní ohun mìíràn tí yóò tẹ́ ìfẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, tí ewu rẹ̀ kò sì tó ti sìgá? Ìmọ̀ràn kejì yìí ni wọ́n ń pè ní dídín ewu tábà kù. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fi ṣe ìlànà ìjọba, àwọn mìíràn ti fi òfin dè é pátápátá. Ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ohun tí ó fà á, nítorí ìjọ tí kò ní ẹnì kan tí ń ja ìjà yìí ní ìkọ̀kọ̀ kò pọ̀.

Èéfín ni ó ń pani

Ohun tí ń so ènìyàn mọ́ sìgá yàtọ̀ sí ohun tí ń pa á. Èròjà nicotine tí ó wà nínú ewé tábà ni ó ń so ó mọ́ ọn: bí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í pẹ́ kí ó tó dé ọpọlọ, ara a sì máa bèèrè rẹ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú àrùn ọkàn àwọn amusìgá, ni èéfín tí ń jáde nígbà tí ewé náà bá ń jóná. Kẹ́míkà tí ó lé ní 7,000 ni ó wà nínú èéfín yìí, a sì mọ̀ pé nǹkan bí 70 nínú wọn ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀dà tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀. Gáàsì olóró tí a mọ̀ sí carbon monoxide, irú èyí tí ń jáde láti ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Michael Russell, oníṣègùn ọpọlọ kan ní London, kọ̀wé ní ọdún 1976 pé nítorí nicotine ni àwọn ènìyàn ṣe ń mu sìgá, ṣùgbọ́n ọ̀dà rẹ̀ ni ó ń pa wọ́n. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dídín ewu kù dúró lé.

Èyí kò sọ nicotine di aláìlẹ́bi. Ó ń mú kí ọkàn máa lù kìkì, ó léwu fún ọmọ inú oyún, ó sì lè ba ọpọlọ ọ̀dọ́ tí kò tíì gbó tán jẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, bárakú ni.

Àwọn oníṣègùn fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ lo ọ̀nà yìí, kì í ṣe àwọn oníṣòwò tábà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Sweden, Claes Lundgren, ṣàkíyèsí pé àwọn atukọ̀ inú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ tan iná sí sìgá, ń fi tábà tí wọ́n há sí ẹnu pa òùngbẹ wọn. Ó kọ̀wé sí Ove Fernö tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òògùn kan, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ṣíngọ́ọ̀mù tí ó ní nicotine nínú. Ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní ọdún 1978, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 1984. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi irú òògùn bẹ́ẹ̀, ṣíngọ́ọ̀mù àti èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, kún àwọn òògùn kòṣeémánìí. Nítorí náà, kò tọ́ láti sọ pé àwọn aláṣẹ ìlera kórìíra kí a fi nicotine rọ́pò sìgá. Ẹni tí ń tà á ni wọn kò fọkàn tán.

Ẹ̀tàn sìgá "fúyẹ́"

Àìfọkàntán yìí ní ìtàn. Nígbà tí ìwádìí àwọn ọdún 1950 fi hàn pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ tábà Amẹ́ríkà para pọ̀ gbé ìkéde sínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé ìròyìn ní ọjọ́ 4 oṣù January ọdún 1954. Wọ́n ṣèlérí nínú rẹ̀ pé ìlera àwọn oníbàárà ni yóò ṣáájú ohun gbogbo lọ́dọ̀ àwọn. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ń polówó sìgá tí ó ní asẹ́ lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀kan nínú wọn, Kent, lo asẹ́ kan láti ọdún 1952 sí 1956 tí a fi asbestos aláwọ̀ búlúù ṣe, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó sá fún èéfín lọ bọ́ sọ́wọ́ asẹ́.

Lẹ́yìn náà ni sìgá tí wọ́n pè ní "fúyẹ́" àti "pẹ̀lẹ́" dé. Ẹ̀rọ tí ń wọn èéfín fi hàn pé ọ̀dà inú wọn kéré, òótọ́ sì ni ẹ̀rọ náà sọ, nítorí pé wọ́n ti dá ihò wẹ́wẹ́ sí ara asẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè bá èéfín dàpọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìka amusìgá a máa bo ihò náà láìmọ̀, ara tí ń wá nicotine a sì mú kí ó fà á kíkankíkan, kí ó fà á jinlẹ̀, kí ó sì tún mu òmíràn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ì bá ti jáwọ́ ni wọ́n yí sí èyí, tí wọ́n gbà pé àwọn ti gbé ìgbésẹ̀ rere.

Ní oṣù August ọdún 2006, adájọ́ Gladys Kessler ní Washington dá ẹjọ́ tí ó lé ní 1,600 ojú ìwé. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí mọ òtítọ́ nípa sìgá "fúyẹ́", wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tan àwọn aráàlú jẹ. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lórí páálí sìgá láti ọdún 2003; Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀ ní 2010. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà bá wá sọ lónìí pé àwọn ti rí ohun tí ewu rẹ̀ kéré, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn tí ó rántí kò yára gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé, lọ́tẹ̀ yìí, apá kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ jẹ́ òtítọ́.

Aáṣáà àwọn ará Sweden

Ẹ̀rí tí ó dàgbà jù lọ wá láti Sweden. Aáṣáà tútù tí wọ́n ń pè ní snus ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Orúkọ kan tí ó gbajúmọ̀ nínú rẹ̀, Ettan, ti wà láti ọdún 1822. Abẹ́ ètè òkè ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í jó o, wọn kì í sì í fà á símú. Ooru ni wọ́n fi ń se é dípò kí wọ́n jẹ́ kí ó kan, èyí sì ń dín àwọn èròjà tí ń fa jẹjẹrẹ nínú rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan kọ́ ilé-iṣẹ́ aáṣáà inú àpò kékeré sí Scotland, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì fi owó ràn án lọ́wọ́. Àwọn oníṣègùn figbe ta pé àwọn ọ̀dọ́ tí kò mu sìgá rí ni nǹkan yìí yóò kó sínú bárakú. Ìjọba tí ó fowó sí i náà ni ó padà fòfin dè é, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù sì fi òfin kan náà de gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1992. Nígbà tí Sweden fẹ́ wọ Àjọ náà, ó bèèrè pé kí wọ́n yọ òun sílẹ̀ nínú òfin yìí, wọ́n sì gbà fún un nígbà tí ó wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1995. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-iṣẹ́ Swedish Match gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù, ní 2004 àti ní 2018. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ó pàdánù.

Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023, ènìyàn 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń mu sìgá ní Yúróòpù lápapọ̀. Ní Sweden, 8 péré ni. Àwọn ọkùnrin Sweden, tí wọ́n ń lo nicotine tó àwọn yòókù, wà lára àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa jù díẹ̀ ní Yúróòpù. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA tí ń ṣe àkóso oúnjẹ àti òògùn gbà ní oṣù October ọdún 2019 kí Swedish Match máa kọ ọ́ sára ọjà rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi snus rọ́pò sìgá ń dín ewu àwọn àrùn kan kù fún ara rẹ̀. Ìjọba Sweden pẹ̀lú dín owó orí snus kù ní oṣù November ọdún 2024, ó sì fi kún ti sìgá.

Síbẹ̀, snus nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Sweden ti ń kó owó orí gọbọi lórí sìgá, ó lé èéfín kúrò nínú ilé oúnjẹ ní ọdún 2005, àwọn obìnrin rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lo snus sì dín sìgá mímu kù pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé aáṣáà tí àwọn àgbà wa fi káún lọ̀ bá snus dọ́gba. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ti Sweden kò kan ti ọjà wa. Ní Sudan, irú aáṣáà kan tí wọ́n ń pè ní toombak kún fún àwọn èròjà olóró náà gan-an, wọ́n sì ti rí i pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Sìgá oníbátìrì

Apòògùn kan ní Ṣáínà, Hon Lik, ni wọ́n sọ pé ó ṣe sìgá oníbátìrì ti òde òní ní ọdún 2003. Òun fúnra rẹ̀ ń mu sìgá gan-an, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì ni ó pa bàbá rẹ̀. Bátìrì a máa mú omi tí ó ní nicotine gbóná títí yóò fi di oruku, ẹni tí ń lò ó a sì fà á símú. Vape ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Kò sí ewé, kò sí iná, kò sí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán, kò sì tíì pẹ́ láyé tó kí a lè mọ ohun tí ogójì ọdún lílò rẹ̀ yóò ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á mọ́ra. Ní ọdún 2015, àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀ kéde pé ewu rẹ̀ fi nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti sìgá. Èrò ìgbìmọ̀ kékeré àwọn onímọ̀ ni iye yìí ti wá, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ wọ̀n, àwọn alátakò kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ú dé ní 2019. Wọ́n pín amusìgá 886 tí wọ́n fẹ́ jáwọ́ sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba sìgá oníbátìrì, àwọn yòókù gba ṣíngọ́ọ̀mù àti irú òògùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, 18 nínú ọgọ́rùn-ún ti jáwọ́ nínú sìgá lára àwọn ti àkọ́kọ́, àti nǹkan bí 10 lára àwọn ti ìkejì. Ní 2023 ìjọba ṣèlérí láti pín ohun èlò náà fún mílíọ̀nù kan amusìgá. Àmọ́ nígbà tí oríṣi alálòsọnù tí ó ní adùn èso gba ọwọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan, ìjọba kan náà fòfin de títa alálòsọnù láti ọjọ́ kìíní oṣù June ọdún 2025.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Juul gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 2015, kékeré bí ohun èlò tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, tí ó rọrùn láti fi pamọ́ fún olùkọ́. Nígbà tí yóò fi di 2019, ó lé ní ìdá mẹ́rin àwọn ọmọ iléèwé gíga níbẹ̀ tí ń lo sìgá oníbátìrì. Altria, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe Marlboro fún Amẹ́ríkà, ti fi bílíọ̀nù 12.8 dọ́là ra ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún Juul ní oṣù December ọdún 2018. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí pé àwọn ti sìgá ni wọ́n wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí kò ní láti wá jìnnà mọ́. Ní 2022 Juul gbà láti san nǹkan bí mílíọ̀nù 438 dọ́là fún ìpínlẹ̀ tí ó lé ní 30 lórí bí ó ṣe polówó ọjà rẹ̀.

Ní 2019 yẹn kan náà ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù February ọdún 2020, ó ti gbé ènìyàn 2,807 lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ti pa 68. Ìwádìí fi hàn pé òróró Vitamin E acetate tí àwọn kan pò mọ́ omi igbó ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn àkọ́kọ́ ni ó máa ń dé etí jù, títí di òní ni ọ̀pọ̀ amusìgá sì fi gbà pé sìgá oníbátìrì burú ju sìgá lọ, tí wọ́n sì ń bá sìgá wọn lọ.

Àdéhùn kan, ìtumọ̀ púpọ̀

Àdéhùn àgbáyé lórí tábà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù February ọdún 2005, àwọn tí ó sì wà nínú rẹ̀ ti di 183. Nínú abala rẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí ó ti túmọ̀ ohun tí ìṣàkóso tábà jẹ́, ó dárúkọ dídín ewu kù pẹ̀lú. Nínú abala 5.3, ó pàṣẹ pé kí àwọn ìjọba dáàbò bo ìlànà ìlera wọn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tábà. Àwọn tí ń ti sìgá oníbátìrì lẹ́yìn a máa na ìka sí ti àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé a máa na tirẹ̀ sí ìkejì. Nígbà tí Philip Morris International ṣèlérí ní 2017 láti fi 80 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún gbé àjọ kan ró tí yóò ṣèwádìí lórí ayé tí kò ní èéfín, Àjọ Ìlera kìlọ̀ fún àwọn ìjọba pé kí wọ́n má bá a dòwò pọ̀.

Ní oṣù December ọdún 2023, Àjọ náà kà á pé orílẹ̀-èdè 34 ni ó fòfin de títa sìgá oníbátìrì, 74 kò ní òfin kankan lórí rẹ̀, 88 kò sì sọ iye ọdún tí ènìyàn gbọdọ̀ pé kí ó tó rà á. Bùràsíìlì ti fòfin dè é láti 2009, Íńdíà láti 2019. Ní Íńdíà yìí, sìgá àti bídì tí ń jó ni ó kún inú ìsọ̀, ìjọba sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ sìgá tí ó tóbi jù níbẹ̀. Ti Ṣáínà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ilé-iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀ ni ó ń ṣe nǹkan bí ìdajì gbogbo sìgá ayé. Èmi kò rí bí a ṣe lè pe òfin tí ó gba èyí tí ń pani láyè, tí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tí ewu rẹ̀ kéré, ní òfin ìlera. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò ní ilé ìyẹ̀wò tí yóò fi mọ ohun tí ó wà nínú omi náà, tí kò sì ní òṣìṣẹ́ tí yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléèwé, ní ìdí láti bẹ̀rù.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ìṣòro tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìbéèrè fún ọjà tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 ni ó dé ọ̀dọ̀ FDA nígbà tí gbèdéke pé ní oṣù September ọdún 2020. Nígbà tí yóò fi di oṣù July ọdún 2025, sìgá oníbátìrì 39 péré ni ó ti rí àṣẹ gbà, alálòsọnù tí kò gba àṣẹ sì kún inú ìsọ̀. Ẹni tí ó pa òfin mọ́ ń náwó sórí ìwádìí, ẹni tí kò pa á mọ́ sì ń kó èrè. Ní Japan, níbi tí Philip Morris ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta IQOS, tábà tí a ń mú gbóná láìjó o, ní ìlú Nagoya ní 2014, títa sìgá ti wálẹ̀ gan-an. Ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń yangàn. Síbẹ̀, ní ọdún 2024, ó ju ìdajì owó tí ó wọlé fún un lọ tí ó ṣì wá láti inú sìgá.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa

Nàìjíríà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìbàdàn ni British American Tobacco kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí, tí ó ṣí ní 2003, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, sì ti ń gbin tábà láti ìran dé ìran. Nàìjíríà wọ àdéhùn àgbáyé ní 2005. Sẹ́nétọ̀ Olorunnimbe Mamora gbé àbá òfin tábà kalẹ̀, Ilé Aṣòfin sì fọwọ́ sí i ní 2011, ṣùgbọ́n ààrẹ kò buwọ́ lù ú. Ọdún 2015 ni òfin mìíràn tó di òfin ilẹ̀. Ó ka títà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ó sì ka títa sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ léèwọ̀. Ní oṣù December ọdún 2023, àjọ FCCPC tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà kéde pé British American Tobacco yóò san mílíọ̀nù 110 dọ́là, lẹ́yìn ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020.

Ohun tí a fi ewé tábà ṣe, yálà lódindi tàbí lápá kan, ni òfin 2015 fi ṣe ìtumọ̀ tábà. Omi nicotine inú sìgá oníbátìrì kì í ṣe ewé, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fà á ní gbangba níbi àríyá ní Èkó. Síbẹ̀, ìwádìí orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní 2012 fi hàn pé àwọn àgbà tí ń lo tábà lọ́nàkọnà ní Nàìjíríà jẹ́ 5.6 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ewu tiwa yàtọ̀ sí ti Sweden: àwọn tí kò bẹ̀rẹ̀ rí ni wọ́n pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, àwọn ni ọjà tuntun yìí sì lè wá bá. Àmọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ènìyàn ni ìdá 5.6 yẹn nígbà náà, ó sì ṣòro láti sọ pé òfin tí a ń ṣe nítorí àwọn ọmọ wa rántí wọn. Oníbàárà tí ó bá fẹ́ jáwọ́ lónìí yóò rí sìgá rà lẹ́yọ kan lórí àtẹ ẹni tí ń ta súwíìtì lójú títì, láìka òfin sí. Bí ó bá fẹ́ ṣíngọ́ọ̀mù nicotine, kò ní rí i lórí àtẹ yẹn. Àfi kí ó máa bèèrè láti ilé òògùn kan dé òmíràn.